Fọ́tò inú ilé àti fúláàṣì orí kámẹ́rà: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí l'Abẹ́òkúta

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri Abẹ́òkúta: ìkómọ, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àwọn àgbà, ìsìnkú. Ìta kì í dà mí láàmú. Ẹni tó ya ẹbí rẹ̀ nítòsí Olúmọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn ló ṣe iṣẹ́ yẹn, òun kàn tẹ bọ́tìnì ni. Inú ilé ni wàhálà wà. Pálọ̀ ìdílé ní Aké, ògiri amọ̀ àtijọ́ tó nípọn, fèrèsé bíńtín, kọ́tìnì méjì lórí ara wọn, èèyàn ogójì lórí àga ogún, wọ́n sì ti mú iná lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín á ti yọ kámẹ́rà jáde, fúláàṣì á yọrí sókè fúnra rẹ̀, á kọ yẹ̀rì, gbogbo ojú á funfun bí ẹni tó bọ́ sínú àpò èlùbọ́ láfún.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, àwọn oníbàárà, àwọn ọ̀rẹ́ tí ọmọ wọn fi kámẹ́rà ránṣẹ́ sí láti òkè òkun, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, ni mo ṣe kó o jọ síbí. Fúláàṣì kékeré tó bá kámẹ́rà wá ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀. Ohun kan sì wà tí n ó máa tún sọ títí yóò fi sú yín: fúláàṣì yẹn kì í ṣe iná ilé. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ bá nínú yàrá ni ọbẹ̀, fúláàṣì ni iyọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní sàn ká kúkú pa fúláàṣì ọ̀hún?

Ẹ pa á, bí ìmọ́lẹ̀ bá tó. Ilé tuntun ní Òkè-Ìléwó tí fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mi ò ní gbé fúláàṣì sókè rárá. Mo máa ta kọ́tìnì sápá kan, mo máa ní kí màmá yíjú sí ojú fèrèsé díẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ṣókùnkùn, kámẹ́rà á ní láti lajú pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó tó o. Bó bá ti lajú tó 1/8 ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ yín á gbọ̀n, ọmọdé á mira, ẹni tó ń jó á di èéfín. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí fúláàṣì hàn díẹ̀ nínú fọ́tò ju kí n máa bi ara mi léèrè pé ta nìyí.

Ìgbà kan tún wà tó jẹ́ ọ̀sán gangan ni mo nílò rẹ̀: bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn àwọn tí mo fẹ́ yà. Láìsí fúláàṣì, ojú wọn á dúdú kirikiri, ìta nìkan ni yóò mọ́. Ẹ gbé e sókè, ẹ dín agbára rẹ̀ kù, ojú á yọ, igi máńgòrò tó wà níta náà á ṣì hàn.

Kí ló dé tí àwọn tó wà níwájú fi ń funfun báláú, tí àwọn ẹ̀yìn á sì wà nínú òkùnkùn?

Ìbéèrè yìí ni bàbá gbogbo wọn. Ẹni tó bá yé kò ní ṣòroó kọ́ mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ fúláàṣì kì í rọra dín kù bí ohun tó ń tàn sí ṣe ń jìnnà, ńṣe ló ń já lulẹ̀. Bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Bó bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ẹ jẹ́ ká wo ìkómọ. Ìyá ọmọ jókòó ní mítà kan sí yín, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà wà ní mítà méjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní mítà mẹ́rin. Bí kámẹ́rà bá wọn ìmọ́lẹ̀ fún ìyá ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó bá a ni yóò kan ìyá àgbà, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ni yóò kan àwọn bọ̀dá. Wọ́n á dà bí òjìji. Bí kámẹ́rà bá sì ro ti àwọn bọ̀dá, ojú ìyá ọmọ á jóná, ẹ ò ní rí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe sí ojú tó ti jóná.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé kí n sún sẹ́yìn, kí n sì fi lẹ́ńsì fa àwọn èèyàn mọ́ra. Àwọn alákọ̀ọ́ṣẹ́ kì í gbà mí gbọ́, wọ́n rò pé bí wọ́n bá sún mọ́ ọn ni yóò mọ́lẹ̀. Ẹ ṣírò ó: bí ẹni iwájú bá wà ní mítà 1 tí ti ẹ̀yìn wà ní mítà 2, ìmọ́lẹ̀ ti iwájú jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ẹ̀yìn. Ẹ sún sẹ́yìn mítà méjì, ó di mítà 3 àti mítà 4, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìlọ́po méjì mọ́. Èèyàn kan náà, yàrá kan náà, ẹsẹ̀ yín nìkan ló yí padà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ to àwọn èèyàn sójú kan. Fọ́tò ẹbí kì í ṣe ìlà ọkọ̀ epo. Kí wọ́n dúró ní ìlà kan tó tẹ̀ díẹ̀ bí òṣùpá tuntun, kí ìjìnnà gbogbo wọn sí kámẹ́rà bára mu. Bí ìlà bá di méjì, kí àwọn ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká àwọn tó jókòó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yàrá fúnra rẹ̀ wọlé, tí n ó sọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ibo ni agbára fúláàṣì kékeré yìí dé gan-an?

Nínú ìwé tó bá kámẹ́rà wá, ẹ wá ohun tí wọ́n pè ní guide number, tàbí GN, nọ́ńbà tó ń fi agbára fúláàṣì hàn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí èèyàn lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, tí fúláàṣì sì yọrí lórí rẹ̀, GN wọn máa ń wà láàárín 9 sí 13 ní mítà, bí ISO, nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí tó, bá jẹ́ 100. Ẹ fi nọ́ńbà ojú lẹ́ńsì, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tí wọ́n ń kọ bíi f/4, pín in. Bí GN bá jẹ́ 12, tí ojú lẹ́ńsì wà ní f/4, mítà 3 ló lè tàn dé. Mítà mẹ́ta kò ju gígùn kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ISO ń ràn án lọ́wọ́. Bí ISO bá kúrò ní 100 bọ́ sí 400, mítà 3 yẹn á di 6. Bó bá dé 1600, á di 12. Ẹ má bẹ̀rù ISO 800 tàbí 1600, bí fọ́tò bá tiẹ̀ ní èèrún díẹ̀ bí iyanrìn, ojú èèyàn tó hàn sàn ju òkùnkùn tó mọ́ tónítóní.

Àwọn gbọ̀ngàn ńlá ni ibi tí ẹ ti máa rí i tí fúláàṣì ń ṣòfò jù. Gbọ̀ngàn Centenary ní Aké, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1930 fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta, ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ wo bí iná kámẹ́rà ṣe ń kọ láti àárín èrò, tí gbogbo wọn ń dojú kọ pèpéle. Kò sí ọ̀kan tó ń dé pèpéle. Ohun tí wọ́n ń yà ni ẹ̀yìn gèlè ẹni tó jókòó níwájú wọn, tí yóò mọ́ rokoṣo, tí pèpéle á sì dúdú sí i. Bí ẹ bá wà nírú ibẹ̀, ẹ pa fúláàṣì, ẹ gbé ISO sókè, kí ìmọ́lẹ̀ pèpéle ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tàbí kí ẹ dìde, kí ẹ rìn lọ síwájú. Ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó kọjá níwájú wọn o.

Sẹ́tíǹgì wo lẹ máa ń lò nínú pálọ̀?

Bí kámẹ́rà bá ní M, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín ṣètò gbogbo rẹ̀, èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: M, 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, f/5.6, ISO 800, kí fúláàṣì wà lórí TTL tó ń wọn ara rẹ̀, kí n sì dín agbára rẹ̀ kù sí −2/3 lórí òṣùwọ̀n + àti − rẹ̀. Mo ya ẹyọ kan, mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo tún un ṣe.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé iná méjì ló wà nínú fọ́tò fúláàṣì. Fúláàṣì máa ń kọ kíákíá, ó lè yára ju 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà bóyá kámẹ́rà lajú fún 1/200 tàbí 1/30, iye kan náà ni yóò gbà lára fúláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ni ìyàtọ̀ yẹn kàn: gílóòbù, fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ̀yìn bá dúdú jù, ẹ fa 1/60 wálẹ̀ sí 1/30. Bó bá mọ́ jù, ẹ gbé e lọ sí 1/125. Bí ojú àwọn èèyàn bá funfun jù, fúláàṣì lẹ máa dín kù, ẹ fi 1/60 sílẹ̀. Ó gbà mí tó ọdún méjì kí n tó mọ èyí, nítorí ọ̀gá mi kò sọ fún mi. Òun náà ò mọ̀ ọ́n bóyá.

Ní ìsàlẹ̀ 1/30, ẹni tó bá ń rìn á ní ìrù lẹ́yìn. Lókè, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò ní gbà kí ẹ kọjá bíi 1/200 bí fúláàṣì orí rẹ̀ bá wà lókè. Bí ẹ bá rí i pé nọ́ńbà kọ̀ láti gun òkè, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́.

Kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò, tí kò ní M? Ẹ tẹ àmì mànàmáná, ẹ wá Slow Sync tàbí àmì èèyàn tó ní ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí kámẹ́rà dúró gba ìmọ́lẹ̀ yàrá lẹ́yìn tí fúláàṣì bá ti kọ. Kí ẹni tí ẹ ń yà má ṣe mira, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín ti ìhà. Auto, níbi tí kámẹ́rà ti ń ṣe gbogbo ètò fúnra rẹ̀, nìkan ni kí ẹ yẹra fún: lọ́pọ̀ ìgbà, Auto á kàn lo fúláàṣì bí ẹni pé kò sí gílóòbù kankan nínú ilé.

Ibo ni mo ti máa dín agbára fúláàṣì kù?

Ẹ wá àmì mànàmáná tó ní + àti − lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí àwọn kámẹ́rà kan, ara bọ́tìnì tó ń gbé fúláàṣì sókè gan-an ló wà: ẹ dì í mú, kí ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lọ́wọ́ àtàǹpàkò. Lórí àwọn mìíràn ẹ ó wọ inú mẹ́nù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú −2/3 tàbí −1.

Ẹ̀yin tó ń ya ayẹyẹ, ẹ ṣọ́ aṣọ funfun. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé léèsì ni, ó kàn rí ohun tó ń tàn, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín fúláàṣì kù, ojú bàbá tó wọ agbádá funfun á sì ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti lọ sókè, +2/3 tàbí +1. Òdìkejì rẹ̀ ni ti àwọn tó wọ aṣọ dúdú níbi ìsìnkú nínú yàrá tó ṣókùnkùn: kámẹ́rà á da fúláàṣì sílẹ̀ gbuurugbu, ojú á jóná. Ẹ lọ sísàlẹ̀. Ojú èèyàn ni kí ẹ máa wò lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ fi aṣọ sílẹ̀.

Tíṣù ńkọ́? Wọ́n ní ká fi bo fúláàṣì.

Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Òjìji líle máa ń wá láti ara pé ibi tí iná ti ń jáde kéré, kò tó káàdì ATM. Tíṣù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn tímọ́tímọ́ kò sọ ọ́ di ńlá, ó kàn jẹ ìmọ́lẹ̀ yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kó jìnnà sí fúláàṣì díẹ̀, kó gbòòrò bíi àtẹ́lẹwọ́, ìyẹn yàtọ̀. Náílọ́nù funfun tó nípọn, tí wọ́n fi sẹ́lóteépù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà kó tẹ̀ síwájú bí àbùradà kékeré, mo ti lò ó rí níbi ìkómọ tí wọ́n pè mí sí lójijì. Àwọn èèyàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí fọ́tò fi jáde.

Èyí tó sàn jù ni káàdì. Ẹ mú ẹ̀yìn káàdì ìpè ìgbéyàwó, funfun tí kò ní ìwé kankan, kí ẹ dá a dúró níwájú fúláàṣì ní dídàgẹ̀rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè kọlù ú, kó lọ sí àjà, kí àjà tó dà á padà sórí àwọn èèyàn. Òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ojú á rọ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń ti àjà bọ̀ kéré gan-an, ISO á ní láti dé 1600 ó kéré tán, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣí ojú lẹ́ńsì. Àjà gbọ́dọ̀ funfun, kó sì wálẹ̀. Àwọn àjà PVC funfun tí wọ́n ń lẹ̀ káàkiri báyìí dára fún un. Àjà pákó àtijọ́ tí èéfín ti sọ di pupa, ẹ má dán an wò, gbogbo ẹbí á dà bí ẹni tí wọ́n fi osùn pa lára. Mo ti ya ẹbí kan rí nínú yàrá tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé láti àjà dé ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè fọ́tò yẹn mọ́.

Kí la lè ṣe sí òjìji dúdú tó máa ń dúró sẹ́yìn èèyàn lára ògiri?

Ẹ mú èèyàn kúrò lára ògiri. Ó jọ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a fi ẹ̀yìn ti ògiri bí wọ́n bá ti fẹ́ yà wá. Mítà kan àti ààbọ̀ ti tó, òjìji á wálẹ̀ sẹ́yìn níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i. Bí yàrá kò bá gbà á, ẹ fi wọ́n sẹ́nu ọ̀nà tó ṣí, kí ẹ̀yìn wọn jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí ẹ bá sì dá kámẹ́rà dúró lóòró, ẹ rántí pé fúláàṣì ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, òjìji gèlè á ta sí ògiri lápá kejì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Gèlè tó ga, mo máa ń yà á ní ìbú, mo máa ń gé e lẹ́yìn náà.

Gbogbo fọ́tò mi ní ohun dúdú róbótó kan nísàlẹ̀. Ṣé kámẹ́rà ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ẹ yọ ìbòrí oòrùn tó wà lẹ́nu lẹ́ńsì, ohun ike dúdú tó rí bí ife tí kò nídìí. Fúláàṣì orí kámẹ́rà kò ga, ìbòrí yẹn ń dí i lójú, òjìji rẹ̀ ló ń bọ́ sísàlẹ̀ fọ́tò. Lẹ́ńsì tó bá gùn tàbí tó sanra náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ bá yà á fẹ̀ tí ẹ sì sún mọ́ nǹkan. Ẹ fà á mọ́ra díẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ya odindi ìkómọ kan ní Ìbarà pẹ̀lú ìbòrí yẹn lẹ́nu lẹ́ńsì. Òru kò tíì là tán nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àlùfáà ń yára, oyin, iyọ̀, orógbó, obì, gbogbo rẹ̀ ń lọ ní fífò fẹ̀rẹ̀. Mi ò wo ẹ̀yìn kámẹ́rà rárá. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i, ìyá ọmọ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́, bàbá ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ wà, lórí itan ìyá rẹ̀, òjìji dúdú kan ló tẹ̀ síbẹ̀ bí ìdajì àwo. Fọ́tò mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí, mi ò ní fọ́tò rẹ̀ tó pé mẹ́ta. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo yà á lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá rẹ̀ àgbà sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀ kó tó jẹ́ kí n wọlé.

Ojú pupa ńkọ́?

Fúláàṣì sún mọ́ lẹ́ńsì jù ló fà á. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú ẹyinjú, ó kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, ó tún gba ojú ọ̀nà kan náà padà sínú kámẹ́rà. Inú òkùnkùn ló ti ń burú jù nítorí ọmọ ojú ti ṣí gbàgadà. Ẹ tan gbogbo iná tó wà nínú yàrá, kí ẹni náà wo èjìká yín dípò lẹ́ńsì, kí ẹ sì sún mọ́ ọn díẹ̀.

Kámẹ́rà ní ìtọ́jú tirẹ̀, àmì ojú, tó máa ń kọ́kọ́ tan iná kí ọmọ ojú lè sún kì kó tó yà. Mo kórìíra rẹ̀. Bí iná àkọ́kọ́ bá ti tàn, gbogbo èèyàn á rò pé ó ti parí, bàbá á ti dìde, àwọn ọmọ á ti sá, kámẹ́rà á wá ya àga. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ kígbe fún wọn ṣáájú: «Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa tàn o, ẹ má mira!»

Ojú wa ń dán bí ẹni fi epo pa á.

Ooru ni. Ẹ fi áńkáṣífù tẹ iwájú orí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má nù ún, ẹ tẹ̀ ẹ́. Pọ́dà díẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́, fún ọkùnrin náà. Kí ẹni náà yíjú díẹ̀ kúrò níwájú gangan. Kí ẹ sì dín fúláàṣì kù.

Mo fẹ́ ya fọ́tò bàbá wa tó ti kú, tó wà nínú férémù lára ògiri. Iná ń bo ojú wọn.

Ẹ má dúró gangan níwájú gíláàsì. Bí bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá mọ́ ògiri ni: bí ẹ bá gbá a tààrà, ẹ̀yin ló máa padà bá. Ẹ rìn lọ sápá kan, kí ẹ yà á ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fò lọ sápá kejì. Ohun kan náà ló kan tẹlifíṣọ̀n, tàìlì tó ń dán àti gíláàsì ojú àwọn àgbà. Ti gíláàsì ojú, kí màmá rẹ agbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba bíńtín. Ẹ má ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ìyá mìíràn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò tíì rí i láìsí gíláàsì rí, wọn ò ní mọ̀ ọ́n nínú fọ́tò.

Férémù fúnra rẹ̀ tí ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ pa fúláàṣì.

Mò ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ìnú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń yà á, àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde dáadáa.

Iṣẹ́ yìí wù mí, mo ti ṣe é fún ẹnìkan níbẹ̀. Àdìrẹ aláró gidi tí wọ́n ti fi igi lù, ara rẹ̀ máa ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Bí fúláàṣì bá kọ sí i lójú tààrà, apá àárín á di funfun, etí aṣọ á sì dúdú, oníbàárà á rò pé aṣọ ti ṣá. Ẹ fi aṣọ kọ́, kí ẹ dúró ní ìgun, ẹ má kọjú sí i gangan, kí ẹ sì lo káàdì funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ ìbòrí, níbi tí oòrùn kò dé tààrà, láìlo fúláàṣì rárá. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Aró tún máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Ó ṣókùnkùn, kámẹ́rà á fẹ́ sọ ọ́ di àwọ̀ sánmà, nítorí náà ẹ lọ sí −1. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ ni, ibi tí ẹ̀kọ kò jẹ́ kí aró wọ̀ kì í funfun tán, ó máa ń jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìlà yẹn bá di funfun gbòò nínú fọ́tò, fúláàṣì ti pọ̀ jù nìyẹn. Ojú ìlà ni kí ẹ máa fi díwọ̀n.

Kí ló fà á tí ojú èèyàn fi ní àwọ̀ tó dáa, tí ẹ̀yìn sì pọ́n bí ẹ̀wà?

Àwọ̀ fúláàṣì sún mọ́ ti oòrùn ọ̀sán, bíi 5500 K (Kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Gílóòbù pupa àtijọ́ wà ní bíi 2700 K. Kámẹ́rà kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi white balance, ètò tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, sí Flash kí ojú lè dára, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀yìn pọ́n díẹ̀, ó máa ń fi ilé hàn bí ilé. Tàbí kí ẹ pààrọ̀ gílóòbù yàrá yẹn sí LED funfun kí àlejò tó dé.

Bí ẹ bá ń rí ìlà dúdú tó dábùú fọ́tò, iná ló ń ṣẹ́jú. Iná ìjọba wa jẹ́ 50 Hz, àwọn gílóòbù kan sì máa ń ṣẹ́jú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lo 1/50 tàbí 1/100. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń mú iná wá, ẹ kàn máa dán an wò ni, ìyẹn kò ní òfin.

Ṣé fúláàṣì kò ní ba ojú ọmọ tuntun jẹ́?

Àwọn ìyá máa ń béèrè yìí, ẹ̀tọ́ wọn ni. Fúláàṣì kékeré láti ibi mítà méjì kò ní fọ́ ọmọ lójú. Ṣùgbọ́n ó máa ń ta á jí, ó sì máa ń bà á lẹ́rù, nítorí náà mi ò kì í gbé e sún mọ́ ojú ọmọ, mi ò sì kì í kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léra. Bí ọmọ bá ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé, kí ni mo tún fẹ́ fi fúláàṣì ṣe? Bí ìyá àgbà bá sì ní òun ò fẹ́ iná lójú ọmọ òun, ẹ pa á. Ẹ má jiyàn sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú ìyá àgbà.

Fúláàṣì mi ń kọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì kò kọ mọ́.

Ẹ̀ ń yára jù. Inú bátìrì kámẹ́rà kan náà ló ti ń jẹun, ó sì nílò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó yó padà. Ẹ dúró kí àmì mànàmáná tó wà nínú ihò tí ẹ ń wò dúró kó má ṣẹ́jú mọ́. Ẹ mú bátìrì kejì dání lọ sóde, kí ẹ sì ti fi méjèèjì sí iná lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí iná bá wà.

Fóònù ńkọ́? Ohun kan náà ni?

Rárá. Fúláàṣì fóònù LED ni, bíi tọ́ọ̀ṣì, kò lágbára tó ti kámẹ́rà. Ẹ fi ṣe àwọn tó wà ní mítà kan sí yín. Tàbí kí ẹ pa á, kí ẹnìkan bá yín fi fóònù mìíràn tan iná láti ẹ̀gbẹ́, kí ó kọ́kọ́ kọlu ògiri funfun. Èyí dára ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ṣé kí n kúkú ra fúláàṣì ńlá?

Bí ẹ bá ń ya òde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ra èyí tí orí rẹ̀ ń yí sókè àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè máa kọjú sí àjà. Ẹ rí i pé ó bá kámẹ́rà yín mu, nítorí ọ̀kan kì í bá gbogbo kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Tokunbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá níbẹ̀, kí ẹ sì ṣí ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí, kí ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Bó bá jẹ́ ọmọ yín àti ìyá yín nìkan lẹ fẹ́ máa yà nínú pálọ̀, ẹ má tíì ná owó yẹn. Ẹ kọ́kọ́ lọ ta kọ́tìnì sápá kan.